Wákàtí Tí Onítòmátì Pa Ẹnu Mọ́

Náírà márùn-ún ni súìtì míńtì ẹyọ kan nígbà tí mò ń wí yìí, irú èyí tó máa ń tutù lọ́fun bí ẹni gbé atẹ́gùn ọyẹ́ mì. Mo ra súìtì náà títí obìnrin tó ń tà á lẹ́nu ọ̀nà ọjà Mile 12 fi ń gbàdúrà fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ọ̀fun ló ń yún mi. Mo ní kí ni ọ̀fun ẹni tó ti ń polówó tòmátì láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yóò ṣe bí kò bá yún? Bàtà téèyàn ń wọ̀ lójoojúmọ́, ṣé kò ní jẹ ni?

Ẹ jẹ́ kí n ti ìdí ọ̀rọ̀ wá. Ọmọ ọmọ mi ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò yàn fẹ́ gbọ́ ohun tí ojú àgbà rí nídìí iṣẹ́ tirẹ̀. Ìwé mẹ́ta ni mo kà ní Ṣakí kí bàbá mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó bá ń wá gírámà, kó forí lé ọ̀dọ̀ tíṣà. Tòmátì ni mo mọ̀, ẹnu sì ni mo fi tà á.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà tí mo dé Èkó. Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn. Ará ilé wa kan mú mi lọ bá ọ̀gá, ọ̀gá wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé kì í jẹun jù?" Ará ilé wa ní n kì í jẹun jù. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n mo ti wọlé. Owó oṣù? Oúnjẹ tí wọ́n ní kí n má jẹ jù yẹn ni owó oṣù.

Ìyá Àgbà ni gbogbo ọjà ń pe ọ̀gá mi. Wọn kò ga ju apẹ̀rẹ̀ tòmátì méjì tí wọ́n tò léra, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọjú sí awakọ̀ tírélà, awakọ̀ á ṣí fìlà. Inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi imọ̀ hun ni tòmátì fi ń ti Òkè Ọya wá, ọjọ́ méjì lójú ọ̀nà, nígbà mìíràn mẹ́ta. Àwọn tó ń dì í lọ́hùn-ún kì í ṣe òmùgọ̀. Èyí tó wà lójú apẹ̀rẹ̀ á máa dán bí ojú ìyàwó tuntun. Wàhálà ilé ọkọ wà nísàlẹ̀.

"Ki ọwọ́ bọ̀ ọ́," Ìyá Àgbà á wí. "Kì í ṣe ọmọ ìka. Títí dé ìgúnpá. Dijú. Kí ni ọwọ́ rẹ gbọ́?"

"Ìyá, kò sọ nǹkan kan."

Igbájú á dún. "Ṣé mo ní kó bá ọ sọ̀rọ̀ ni, dìndìnrìn? Ṣé ó gbóná àbí kò gbóná?"

Ohun tó ń jẹrà máa ń gbóná. Èèyàn kò lè da igba apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kó máa ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó parí rẹ̀, oòrùn á ti yọ, oníbàárà á ti lọ. Ọwọ́ la fi ń wá ibi gbígbóná nínú apẹ̀rẹ̀ tútù. Bí mo bá ṣì í, tí oníbàárà dá apẹ̀rẹ̀ padà, orí mi ni wọ́n ń gbé e lé kí n rù ú yí ìlà wa ká, kí omi kíkan rẹ̀ máa ṣàn wọ̀ mí lójú. Àwọn alábàárù á máa pàtẹ́wọ́ fún mi. Kò pẹ́ tí ọwọ́ mi fi gbọ́n.

Ẹnu ló kù. Ní ìlà tiwa, bí tírélà bá ṣí ẹ̀yìn ní ìdájí, ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo iye, iye tirẹ̀ ni gbogbo ìlà ń tẹ̀ lé títí ilẹ̀ á fi mọ́ kedere. Bí iye náà bá ga jù, oníbàárà á ré kọjá sí ìlà kejì. Bó bá wálẹ̀ jù, àwọn ará ìlà rẹ á ṣépè fún ọ, wọ́n á sì fi ti ọmọ tí o kò tíì bí kún un. Ṣíṣí ọjà la ń pè é. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ìyá Àgbà á dúró lẹ́bàá títì, èmi á dúró nídìí gọ́tà lẹ́yìn ọjà, wọ́n á ní kí n pè é. Bí wọn kò bá gbọ́ mi, kò sí ẹ̀kọ òwúrọ̀. "Ọwọ́ kàn ń gbé ọjà ni," wọ́n á wí, "ẹnu ló ń tà á. Bí ẹnu rẹ bá kú, lọ kọ́ aṣọ rírán."

Nígbà tí wọ́n fi máa re ibi àgbà ń rè, èmi ni mo ń ṣí ọjà fún ìlà wa. Àwọn alábàárù a máa sọ pé bí Ìyá Bọ̀sẹ̀, ìyẹn èmi, bá lahùn ní Mile 12, adìyẹ á jí ní Ìkòròdú. Àsọdùn ni. Kò kọjá Kétu.

Irinṣẹ́ wá ń yí padà. Àwọn kan á sọ fún yín pé kéréètì oníke ló yí iṣẹ́ tòmátì padà. Ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ̀yìn ìgbà náà ni kéréètì dé. Fóònù alágbèéká ni. Kó tó dé, ẹnu awakọ̀ la ti ń gbọ́ iye tí tòmátì ń jẹ́ ní Kánò, awakọ̀ sì máa ń purọ́ bó ṣe ń mí. Fóònù dé, mo wá lè jókòó lórí àpótí mi kí n máa bá Alhaji Sàní, ẹni tó ń kó ọjà ránṣẹ́ sí mi, ná tòmátì tó ṣì wà lóko. Mo so fóònù mọ́ etí ìró bí ẹní so ọmọ mọ́yìn. Mò ń sọ̀rọ̀ láti ìdájí dé ìgbà tí mo bá sùn.

"Mummy," Bọ̀sẹ̀ ọmọ mi á ní, òun ló ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, "nínú ẹ̀yin àti fóònù yìí, ta ló ni èkejì?"

Ìgbà yẹn ni ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí yún mi, tí mo di oníbàárà súìtì. Nígbà tó yá, kókó kan yọ lọ́rùn mi lápá òsì, lábẹ́ egungun àgbọ̀n. Kò dùn mí. Ohun tí kò dunni, ta ní ń kà á sí? Ràlíátù ló kọ́kọ́ rí i. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ṣẹ́, tó gbòmìnira, tó tún ní òun ò lọ mọ́.

"Màmá, kí lẹ gbé sọ́rùn yẹn?"

"Owó ni mo tọ́jú síbẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fi han dókítà."

"Bí mo bá lọ, ta ni yóò ṣí ọjà? Ìwọ tí ohùn rẹ ò lè lé eṣinṣin?"

Òótọ́ ni mo sọ, kì í ṣe èébú lásán. Ràlíátù mọ ìṣirò, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó mọ tòmátì ju ẹni tó gbìn ín lọ. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ pe iye, á pè é bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ń sùn nítòsí. Kò sì ní pè é rárá bí kò bá kọ́kọ́ wo ojú mi.

Bọ̀sẹ̀ ló wọ́ mi dé ilé ìwòsàn. Wọ́n gún kókó náà lábẹ́rẹ́, wọ́n fa omi inú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Dókítà obìnrin kan, ẹlẹ́ẹ̀rín pẹ̀lẹ́, ló pè wá wọlé. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

"Mummy, àrùn jẹjẹrẹ ni."

Èmi rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi ló ń rẹ́rìn-ín o. "Ẹ gé e dànù kí n máa lọ. Mo ní ọjà nílẹ̀."

"Ó kọjá bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà lọ́rùn yín, ọmọ ni. Ìyá rẹ̀ wà níbòmíràn, ó lè jẹ́ ẹ̀yìn imú, ó lè jẹ́ ọ̀fun, ó lè jẹ́ ìdí ahọ́n. Ìyá yẹn ló rán an jáde. Òun la gbọ́dọ̀ rí."

Wọ́n wá ìyá náà. Wọ́n ti okùn tín-ín-rín tó ní iná lórí gba imú mi wọlé. Wọ́n tì mí sínú ẹ̀rọ òrùka ńlá tó ń ya àwòrán. Wọ́n fún mi lóògùn oorun, wọ́n já ẹran ọ̀fun mi díẹ̀díẹ̀ lọ wò. Wọn ò rí i. Gbogbo ibi tí wọ́n wò ló ń dán bí ojú apẹ̀rẹ̀.

"Bí a kò bá rí i ńkọ́?" mo bi í.

"A ó fi iná ìtànṣán jó gbogbo ibi tó bá lè sá sí. Ẹ̀yìn imú, ọ̀fun, ahọ́n, àpótí ohùn."

"Ohùn ńkọ́?"

Ó wo tábìlì rẹ̀. "Ohùn lè lọ, Mummy. Itọ́ lè gbẹ. Oúnjẹ lè máa ṣòroó gbé mì."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń yan iṣẹ́, ẹ dúró níbí díẹ̀. Bí wọ́n bá sọ fún tẹ́lọ̀ pé ohùn rẹ̀ yóò lọ, á sunkún, ṣùgbọ́n á ṣì padà sídìí máṣíìnì. Èmi ńkọ́? Ẹnu mi ni ṣọ́ọ̀bù mi. Àbúrò Bọ̀sẹ̀ tó ń lọ sílé ìwé gíga, ẹnu yìí ló ń san owó rẹ̀. Ràlíátù àti àwọn ará ilé rẹ̀, ẹnu yìí náà ni.

Dókítà wá sọ pé ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní PET, kò sí nítòsí wa níbí, Íńdíà làwọn èèyàn ń lọ fún un. Ó ní, "Wọ́n á gún yín ní abẹ́rẹ́ ṣúgà tí wọ́n pò mọ́ ohun kan tó ń tàn. Jẹjẹrẹ ń jẹ ṣúgà kíákíá ju ẹran ara yòókù lọ. Ibi tó bá ti ń jẹ ẹ́, ibẹ̀ ni yóò máa tàn nínú àwòrán, bó ti wù kó kéré tó."

"Wọ̀bìà ni jẹjẹrẹ nìyẹn."

"Wọ̀bìà gbáà ni, Mummy."

Wọn kò ní láti ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ fún mi. Kíki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀ ni, kí wọ́n wá ibi tó gbóná. Bí a ṣe rówó ọ̀nà kò gbà wá lákòókò. Mo ní ilẹ̀ kékeré kan ní Ṣangiṣa, mo tà á. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ mi ṣì ń pààrọ̀ lọ́yà títí dòní. Ọlọ́run á bá mi fún un ní sùúrù.

Ìlú kan ní gúúsù Íńdíà la lọ, èmi àti Bọ̀sẹ̀. Oòrùn ibẹ̀ mọ̀ mí, ata ibẹ̀ mọ̀ mí, èdè nìkan la ò jọ gbọ́. Nọ́ọ̀sì kúkúrú kan tó ń tọ́jú mi ń pè mí ní "Amma." Bọ̀sẹ̀ ní ìyá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo ní ó dáa, kó máa pè mí.

Wọn kò jẹ́ kí n jẹun láti alẹ́. Láàárọ̀ wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ ṣúgà náà, wọ́n mú mi lọ sínú yàrá kótópó kan tó ní fèrèsé gíláàsì, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò mí. Èmi nìkan ni o, nítorí ohun tó ń tàn ti wà lára mi, wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó tì mí. Kí Bọ̀sẹ̀ tó jáde, ó túmọ̀ òfin fún mi.

"Wákàtí kan ni, Mummy. Ẹ má mira, ẹ má jẹ nǹkan kan lẹ́nu, ẹ má sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́."

"Ẹ má sọ̀rọ̀ rárá o."

"Ṣé adití ni mí ni?"

Ohun tí kò sọ, tí èmi náà ò bi í, ni ìdí rẹ̀. Mo rò pé torí ariwo ni, pé àwọn aláìsàn ń sùn nítòsí. Nígbà tí fóònù wá bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n nínú kọ́mú mi, ibi tí mo tọ́jú rẹ̀ sí, mo fa bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, mo sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ọmọlúàbí.

"Haba, Màmá!" Alhaji Sàní ni, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó máa ń dún bíi Haúsá. "Kí ló ṣe ohùn? Olè wà nílé ni?"

"Ẹ̀yin lolè náà, pẹ̀lú iye tí ẹ pè lánàá yẹn."

"Wallahi, tòmátì ti wọ́n. Bí o kò mú un, mo fún ẹlòmíràn báyìí báyìí."

Ẹni tí kò bá tíì fi ohùn jẹ́jẹ́ ná ọjà rí kò mọ ohun tó ń jẹ́ iṣẹ́. Gbogbo iṣan ọrùn ló ń dìde dúró. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo ba a lérù, mo kí àwọn ìyàwó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbà níkẹyìn, iye tèmi la parí rẹ̀ sí. Mo tún pe Ràlíátù láti sọ fún un pé tírélà kan ń bọ̀, igba apẹ̀rẹ̀, kó múra sílẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wá mú mi lọ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rín ni mò ń rín.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà ibẹ̀, bàbá onígíláàsì kan, gbé àwòrán náà sójú iná. Ahọ́n mi, ọ̀fun mi, ẹ̀gbẹ́ ọrùn mi lọ́tùn-ún lósì, gbogbo rẹ̀ ń tàn yòò bí ilé epo. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀. Bọ̀sẹ̀ yí ojú sí mi jẹ́jẹ́.

"Mummy, dókítà ń béèrè bóyá ẹ kọrin."

"Orin wo?"

"Wọ́n ní iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ náà máa ń jẹ ṣúgà. Ẹni tó bá dákẹ́, ọ̀fun rẹ̀ á ṣókùnkùn, jẹjẹrẹ nìkan á máa tàn. Tiyín dà bí ọ̀fun ẹni tó fi ọjọ́ mẹ́ta wàásù. Ta lẹ bá sọ̀rọ̀?"

Mo wo òkè àjà. "Alhaji Sàní."

Bọ̀sẹ̀ kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá rọrùn fún mi. "Ìyá tí a wá síbí, ó lè wà nínú iná yìí, ó lè má sí. Wọn ò lè yà á sọ́tọ̀. Wọ́n lè tún un ṣe, Mummy, ṣùgbọ́n owó wa kò gbà ju ẹ̀ẹ̀kan yẹn lọ. Bí kò bá tún hàn, wọ́n á jó gbogbo rẹ̀."

Ohun tí mo ṣe dà bí ẹni da omi gbígbóná sórí apẹ̀rẹ̀, tó tún ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti wá ibi tó gbóná.

Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àwòrán kejì, Ràlíátù pè. "Màmá, tírélà Alhaji bàjẹ́ ní Jẹ́bà, inú oòrùn ló sùn sí. Awakọ̀ ní òun á wọlé ní ìdájí ọ̀la. Tírélà àwọn ẹlòmíràn náà ń bọ̀, wọ́n pọ̀. Iye wo ni kí n pè?"

"N kò lè mọ̀ láì jẹ́ pé o ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bó bá dé, wò ó bó ṣe gbóná tó, kí o pè mí, èmi á sọ iye. Má lanu pe nǹkan kan láìjẹ́ pé o gbọ́ tèmi."

Mo gbé fóònù sílẹ̀, Bọ̀sẹ̀ wọlé. Wọ́n ti dá àkókò fún wa. Oògùn ṣúgà náà kì í pẹ́ nílẹ̀. Bí wákàtí ṣe ń lọ ni agbára rẹ̀ ń lọ, bíi tòmátì lórí tírélà, ìgbà tí ọkọ̀ bá gbé e dé ni wọ́n ń lò ó. Yóò tó nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, Bọ̀sẹ̀ ní. Mo fi ìka ṣírò rẹ̀. Agogo mẹ́wàá tiwọn, ìdájí ni ní Mile 12. Ìgbà tí tírélà ń ṣí ẹ̀yìn gan-an ni.

Mo tún pe Ràlíátù, kó má dúró dè mí. Fóònù rẹ̀ ti kú. Kò síná ní Àgbóyì tó ń gbé, ìdí jẹnẹrétọ̀ ọjà ló ti ń gba iná sí i láàárọ̀. Mo pè é títí wọ́n fi wá gún mi lábẹ́rẹ́. Kò wọlé.

Bọ̀sẹ̀ ti lọ sílé kejì níbi tí wọ́n ti ń gbowó, ìlà ibẹ̀ sì gùn ju ìlà epo lọ. Èmi àti nọ́ọ̀sì nìkan ló wà nílẹ̀. Ó na ọwọ́. Ó ti gbọ́ ìtàn mi, gbogbo ilé ìwòsàn ti gbọ́. Mo yọ fóònù náà láyà, mo wò ó, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó gbé e sórí tábìlì lẹ́yìn gíláàsì, ó fi ìka kan ètè rẹ̀. "Amma," ó wí.

Mo dùbúlẹ̀. Mo dákẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu kì í ṣe ohun téèyàn ń tì bí ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá tì í, ọ̀rọ̀ á máa kan ilẹ̀kùn láti inú. Itọ́ pàápàá, ẹ̀rù ń bà mí láti gbé e mì, kí iṣan má baà jí.

Fóònù tàn lórí tábìlì. Ó ń gbọ̀n, ó ń yí bí yímíyímí tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Mo mọ ẹni tó ń pè. Mo rí i bí ẹni pé mo dúró tì í: Ràlíátù, omi tòmátì ti pọ́n ọn lápá dé ìgúnpá, àwọn ará ìlà ń pariwo pé kí lonítòmátì yìí ń dúró dè. Tòmátì tó sùn nínú oòrùn ní Jẹ́bà kò ní rí oòrùn mìíràn kó má jẹrà. Ó yẹ kó pè é wálẹ̀, kó pè é kíá, kí oníbàárà kó o kí ojú ọjọ́ tó mọ́. Gbólóhùn kan ni. "Jù ú sílẹ̀ fún wọn!" Kò ju ìyẹn lọ. Ilẹ̀kùn yàrá náà kò ní kọ́kọ́rọ́, nọ́ọ̀sì sì ti kọ ẹ̀yìn sí mi.

Iná fóònù kú. Ó tún tàn.

Ahọ́n mi ń ti eyín mi. Mo wá ń bá ohun tó wà nínú ọ̀fun mi sọ̀rọ̀ nínú ọkàn. Mo ní, ìwọ wọ̀bìà, o ti ń jẹ ṣúgà báyìí, àbí? Bí mo bá la ẹnu yìí, aṣọ ni mo fi bò ọ́. Jẹ ẹ́. Jẹ ẹ́ kí wọ́n rí ọ. Omijé ń ṣàn lọ sí etí mi, n kò sì lè sọ ọ́ di ẹkún, torí ọ̀fun la fi ń sunkún.

Fóònù tàn, ó kú, ó tàn. Nígbà tó wá kú tí kò tàn mọ́, ìyẹn ló burú jù. Mo mọ̀ pé oòrùn ti yọ ní Mile 12.

Àwòrán kejì dúdú bí ọjà ní Sátidé ìmọ́tótó. Iná méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ni kókó ọrùn tí gbogbo wa mọ̀. Èkejì wà ní ìdí ahọ́n mi lápá òsì, kò ju hóró àgbàdo lọ. Bàbá onígíláàsì fi ìka kàn án.

"Wọ́n ní ìyá rẹ̀ rèé," Bọ̀sẹ̀ wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bó ṣe wà.

Wọ́n já díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, òun náà ni. Ibẹ̀ àti kókó náà ni wọ́n dojú iná ìtànṣán kọ, wọ́n yẹra fún àpótí ohùn. Kì í ṣe eré. Ọ̀fun mi bó, ohun tí mo jẹ dà bí erùpẹ̀ lẹ́nu mi fún ìgbà pípẹ́, itọ́ mi kò sì pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ títí dòní. Bí mo bá ń jẹun, omi ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ṣí ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i kí n tó fi ìlà náà lé Ràlíátù lọ́wọ́.

Ẹ óò bi mí bóyá kí ẹ yan iṣẹ́ tòmátì. Ẹ yàn án bí ẹ bá lè jí ní ìdájí, tí èébú kì í sì í bà yín nínú jẹ́. Ohun tí iṣẹ́ yòówù á fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín ju bó ti yẹ lọ ni kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Èmi, fóònù mi fẹ́ gba wákàtí kan lọ́wọ́ mi. Wákàtí kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ tí mo padà sí Mile 12, gbogbo ìlà wa fi ọjà sílẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé ọ̀fun ni. Wọ́n ń wo ẹnu mi bí ẹni ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó. Ràlíátù, tí kò lè sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Màmá, mo pè yín, mo pè yín, ẹ ò gbé e. Ẹ ní kí n má lanu. Mo dúró. Gbogbo ìlà tà, èmi dúró. Nígbà tó fi di ọ̀sán, omi ti ń jò nídìí apẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń lọ ata ni mo kó o fún, iye tí wọ́n bá sọ."

Mo la ẹnu. N kò mọ ohun tí yóò jáde.

"Ràlíátù! Èmi ní kí o má lanu, ṣé mo ní kí o má lọ́gbọ́n ni? Orí tí o fi ń wé gèlè yẹn, ṣé agbọ̀n lo gbé sọ́rùn?"

Ohùn náà ha díẹ̀, ó dà bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi òróró sí. Ṣùgbọ́n ó kọjá gọ́tà.

"Yéè! Ó ṣì wà!" alábàárù kan kígbe. "Ẹnu náà ṣì wà!" Ìlà bú sẹ́rìn-ín, àwọn obìnrin kan ń nu ojú. Mo bú alábàárù náà mọ́ ọn, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n fi kún un. Ràlíátù ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo fà á dìde, mo gbọn ẹrẹ̀ kúrò ní ìró rẹ̀.

"Ó dáa. Èló ló bá a lọ?"

Ó nu imú. Ó sọ ọ́ sí mi létí: ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ó lé mẹ́tàdínlógún, àti ẹgbẹ̀ta náírà. Iye wákàtí kan tí mo fi pa ẹnu mọ́ nìyẹn.